Ikọ́ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tí kò pariwo rí láyé, ẹ gun àtẹ̀gùn méjìlélógún lọ sókè ilé ìtajà bàtà kan, kí ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Iyàrá gígùn kan wà níbẹ̀ tó ní maṣíìnì ìránṣọ mẹ́fà, mẹ́ta dojú kọ mẹ́ta bí ẹni tó fẹ́ jà. Níwájú gbogbo wọn ni tábìlì ìgéṣọ wà. Ó ga, ó fẹ̀, ènìyàn mẹ́rin lè sùn sórí rẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má kan ara wọn. Ẹni tó dúró tì í, tí téèpù rọ̀ sí lọ́rùn bí ejò tó ti jẹun yó, òun ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́.

Wọn kò sọ ọ́ lórúkọ yẹn lásán. Láti ọjọ́ tó ti di ọ̀gá télọ̀, kò bú ẹnikẹ́ni, kò na ẹnikẹ́ni, kò sì fi ìlẹ̀kùn gbá ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ya ìpáǹle a máa wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ àwọn kàn wá jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, bóyá ìwà tútù yóò ràn án. Ológbò ilé ìtajà bàtà, tó ń bá gbogbo ayé jà, a máa gòkè wá sùn lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Wọ́n ní bó bá jí, a kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó jáde. Ti ìdọ̀bálẹ̀ ológbò yẹn, ẹ mú un tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Ìyókù, òtítọ́ ni.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni jẹ́jẹ́ kò le láti mọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní ọ̀pá ìwọnṣọ kan, igi líle, etí rẹ̀ mú. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ló mọ ìtọ́wò ọ̀pá náà. Lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́ kíkọ́, ó búra pé lọ́jọ́ tí òun bá ní ibi iṣẹ́ tòun, ọwọ́ òun kò ní kan ọmọ ẹnikẹ́ni, ohùn òun kò sì ní ga ju ti maṣíìnì lọ. Ó mú ìbúra náà ṣẹ. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i bí inú ẹni tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta láìyá owó.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀: Àǹtí Kọ́là fẹ́ lọ.

Àǹtí Kọ́là ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Obìnrin kúkurú ni, abẹ́rẹ́ mẹ́ta kì í kúrò láyà aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju abẹ́rẹ́ náà lọ. Kọ́là ni iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá gbé kọ́là lé ọrùn ẹ̀wù, wàá rò pé ara ẹ̀wù ló ti hù jáde. Iṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ẹ̀wù mẹ́rìndínlógójì fún àwọn nọ́ọ̀sì tuntun tó fẹ́ ṣe ìbúra iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà dé ni Àǹtí Kọ́là wá bá ọ̀gá rẹ̀ nídìí tábìlì, ó ní tí aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì bá ti parí, kí wọ́n má wo ọ̀nà òun mọ́.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bi í pé kí ló dé. Ó ní orúnkún ni, àtẹ̀gùn ti pọ̀ jù. Ọ̀gá ní òun á wá àyè sí ìsàlẹ̀. Ó dúpẹ́. Ọ̀gá ní kó máa dé ní agogo mẹ́wàá. Ó tún dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń dúpẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu ọkùnrin náà. Nígbà tí obìnrin bá ń dúpẹ́ tí kò wo ojú ẹni, kí a yáa mọ̀ pé orúnkún kọ́ ló ń dùn ún.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Òun kọ́, òun tí kò gbé ohùn sókè sí i rí. Ó fura sí Bọ̀dá Bọ́tìnì tó ń lu ihò bọ́tìnì, nítorí ẹnu ọkùnrin yẹn kì í dákẹ́, kò sí ẹni tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fura sí maṣíìnì. Ó fura sí àga. Ara rẹ̀ nìkan ni kò fura sí. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà, ọ̀fìnkìn gbé e. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn kékeré. Ó sín nígbà méje láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, lẹ́yìn náà ikọ́ gbẹ bẹ̀rẹ̀, kẹ̀hẹ̀, kẹ̀hẹ̀, bí ẹni ń ya aṣọ líle. Kò rò ó sí nǹkan kan. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ń gé aṣọ lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó gbójú sókè, ó rí i pé gbogbo ènìyàn ń tú aṣọ. Ẹni tó rán àpò ń tú àpò. Ẹni tó rán apá ń tú apá. Àǹtí Kọ́là ń tú kọ́là tí ojú ọ̀run kò rí irú rẹ̀ rí. Bọ̀dá Bọ́tìnì tí kò ní nǹkan tó ṣeé tú, nítorí ihò kì í ṣe ohun tí a ń tú, ń fi òwú dí ihò tó ti lu. Nígbà tó dí i tán, ó tún un lu. Ọ̀gá wúkọ́. Ó tún un dí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ Túsìdeè. Òwú funfun tí wọ́n ń tú kún ilẹ̀ débi pé ológbò wọ inú rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ò rí i títí di ìrọ̀lẹ́. Ní Wẹ́sìdeè, lára ẹ̀wù mẹ́rìndínlógójì, méjì péré ló wà lórí irin tí wọ́n ń fi kọ́ aṣọ. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wo méjì náà, àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má fi òtítọ́ pamọ́: ìdajì ọkàn rẹ̀ dùn. Bí iṣẹ́ kò bá parí, Àǹtí Kọ́là kò ní lọ. Ojú ara rẹ̀ tì í kíá, ó sì tún wúkọ́. Àpò mẹ́rin tún di títú.

Ó wá dá gbogbo maṣíìnì dúró, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ọ̀kan ní iṣẹ́ òun kò dáa tó ni. Èkejì ní bẹ́ẹ̀ náà ni tòun. Ó ní kí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, bóyá ebi ló ń yí wọn lórí.

Bàbá Áyọ́ọ̀nù nìkan ló kù ní iyàrá. Òun ló ń lọ aṣọ, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, etí rẹ̀ méjèèjì ti wúwo. Iṣẹ́ tiẹ̀ ti parí látàárọ̀. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ lọ dúró tì í, ó sún mọ́ etí rẹ̀, ó bi í pé kí ló fà á tó fi jẹ́ pé òun nìkan ni kò tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀gbẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Èmi ò gbọ́ ikọ́ yín, Ọ̀gá,” ó ní. “Ojú àwọn tó kù ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ ti wúkọ́.”

Ọ̀gá ní ikọ́ wo. Ni bàbá bá fara balẹ̀ bí olùkọ́, ó kọ́ ọ ní èdè ara rẹ̀. Ó ní ikọ́ kan túmọ̀ sí pé kí oníṣẹ́ tún un wò. Ikọ́ méjì, kó tú u. Ikọ́ kan tí ọ̀gá bá fi wo òkè àjà, kó tú u, kó má sì retí ìkíni títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Gbogbo ẹni tó bá gbaṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fi ibi tí wọ́n ń gbé òwú sí hàn án. Ẹnì kan tilẹ̀ wà rí tó máa ń gbọ́ ikọ́ náà lójú oorun, ìyàwó rẹ̀ á sì bá a níbi tó ti ń tú etí ìrọ̀rí. Ti ìrọ̀rí yìí, Bàbá Áyọ́ọ̀nù ló sọ ọ́, èmi kò sí níbẹ̀.

“Ọ̀fìnkìn ni,” Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ sọ. “Bàbá, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí.”

“Ti ọ̀sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni,” bàbá dáhùn, ó sì mú áyọ́ọ̀nù rẹ̀. “Ti ọdún mọ́kàndínlógún yẹn ńkọ́?”

Ọkùnrin náà délé, kò lè jẹun. Ó ro ẹjọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó retí pé yóò gbèjà òun. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ṣé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ó ní bó ṣe ń ṣe nílé náà nìyẹn: ọbẹ̀ kò níyọ̀, á wúkọ́, àlejò pẹ́ jù, á wúkọ́, àna wọn kan gba ikọ́ náà bí ìdágbére nígbà kan, kò tíì padà wá. Ọkọ bi í pé kí ló dé tí òun kò fi rí i kó máa sáré tún nǹkan ṣe bíi ti àwọn oníṣẹ́ òun.

“Bàbá àwọn ọmọ,” ó ní, “èmi ò fẹ́ ikọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́. Tí ẹ bá ti wúkọ́ báyìí, omi ni mo máa ń bù fún yín.”

Láti ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń gba omi yẹn, tó sì ń rò pé ìfẹ́ lásán ni. Ó mu ti ọjọ́ yẹn náà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọ̀fìnkìn ti fúyẹ́. Ó mú ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ, ó pinnu ohun kan ní ọkàn rẹ̀: ìgbàkígbà tí ikọ́ bá gòkè tí kì í ṣe ti àìsàn, òun á fa ìlà kan sétí tábìlì, òun á sì kọ ohun tí òun ń wò nígbà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rò pé ìlà méjì ni yóò jẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí agogo mẹ́wàá yóò fi lù, mẹ́sàn-án ti pé. Ó kà wọ́n. Àpò wọ́. Bọ̀dá Bọ́tìnì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tan fáànù láìbi mí. Kọ́là fà. Kọ́là fà. Ẹnì kan pẹ́ dé. Kọ́là fà. Kọ́là tún fà. Èyí tó kẹ́yìn, kò rí nǹkan kan kọ síbẹ̀. Ó kàn wúkọ́ nítorí pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa tí ẹnì kan kò sì wo ojú òun.

Èyí ló dùn ún jù. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ṣọ́ọ̀kì, ó ń wo ìka ara rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pá tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òun rò pé òun ti sọ ọ̀pá náà nù. Ọ̀fun lòun gbé e pamọ́ sí. Òun fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù òun, òun sì tún fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Jẹ́jẹ́. Ọ̀gá tó ń fi ọ̀pá na ènìyàn, ó kéré tán, ẹni tí wọ́n nà á mọ ibi tó ti ṣẹ̀.

Ó dá maṣíìnì dúró. Kò fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó sọ fún wọn pé ọ̀fìnkìn ni ti ọ̀sẹ̀ náà, kí wọ́n má tú ohunkóhun mọ́. Ó ní èyí tó ti wà ṣáájú, òun kò mọ̀ pé òun ń ṣe é, àìmọ̀ náà kò sì sọ ọ́ di ohun tó dára. Ó ní láti òní lọ, bí òun bá rí àṣìṣe, òun á fi ẹnu sọ ọ́; bí òun bá wúkọ́, kí wọ́n fún òun lómi.

Ẹnì kan kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Bọ̀dá Bọ́tìnì ló kọ́kọ́ la ẹnu.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú,” ó ní. “Èyí tí ẹ wú lọ́dún tí mo gbéyàwó ńkọ́? Mo gbé ẹ̀wù ìgbéyàwó mi wá hàn yín, ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tú u látòkè délẹ̀. Ẹ̀wù àbúrò mi ni mo fi gbéyàwó, kò bò mí nídodo.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ronú jinlẹ̀. Ó ní òun rántí ẹ̀wù náà, ó dára púpọ̀, eruku ló mú òun wúkọ́. Ẹ̀rín bú jáde ní iyàrá náà débi pé onílé ìtajà bàtà fi igi gbá òkè àjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá rí àpò kan tó wọ́. Ikọ́ gòkè, ó gbé e mì. Ó lọ dúró ti ẹni tó rán an, òógùn bò ó, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, àpò yìí wọ́ sápá òsì, ẹ bá mi tú u.” Ó ń fi “ẹ” bá ẹni tó lè bí lọ́mọ sọ̀rọ̀. Ẹni náà wo àpò, ó ní lóòótọ́ ni, ó tú u, ó tún un rán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ya ọ̀gá lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀wù mẹ́rìndínlógún wà lórí irin.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Kọ́là kò rẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó ń rán tiẹ̀ lọ bí ẹni tó ti di ẹrù.

Ní Fúráìdeè, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dé kí àwọn tó kù tó dé, ó bá Àǹtí Kọ́là níbẹ̀. Ó fa àpótí kékeré kan, ó jókòó sórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé òun ló ń gbójú sókè wò ó. Ó ní, “Ṣé ikọ́ ni, Àǹtí Kọ́là?”

Ó ní ikọ́ kọ́. Ó ní gbogbo ayé ló ní ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, ikọ́ kò sì pa ènìyàn. Ó dìde, ó mú iwájú ẹ̀wù kan tí wọn kò tíì rán, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ká a sí méjì láàárín gbùngbùn. Etí aṣọ bá ara wọn mu nísàlẹ̀. Lọ́rùn, wọn kò bára mu. Apá ọ̀tún fi nǹkan bí ìdajì ìka jìn ju tòsì lọ. Ó mú òmíràn, ó ká a. Bákan náà. Ó mú ẹ̀kẹta.

“Ó ti tó ọdún méjì,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ ń gé e báyìí. Èmi ni mò ń fi ọgbọ́n fa kọ́là kó lè bo ibẹ̀. Tí mo bá fà á tán, ẹ á wo ibi tó fà, ẹ á sì wúkọ́ fún mi.”

Ìlà mẹ́rin orí tábìlì yẹn ṣì wà níbẹ̀: kọ́là fà, kọ́là fà, kọ́là fà, kọ́là tún fà. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wò wọ́n. Ikọ́ ńlá kan gòkè wá, irú èyí tó lè tú ẹ̀wù gbogbo ìlú. Ó gbé e mì, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí téèpù ti ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀ bí ohun tó wà nínú èéfín. Irọ́ ni, ó ti tó ọdún méjì.

Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

“Ta ni kí n sọ ọ́ fún, Ọ̀gá?” ohùn rẹ̀ kò le. “Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, mo lè dá a lóhùn. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ikọ́ lóhùn? Mo kàn rò ó pé kí n lọ kí ẹnì kan tó tú ẹ̀wù wò níta, kó wá fi yín ṣẹ̀sín níṣojú mi. Mi ò lè dúró wo ìyẹn.”

Ìyẹn ni pé nítorí ọkùnrin náà ló ṣe fẹ́ lọ, kì í ṣe pé ó sú u. Ọ̀gá jókòó sórí àpótí náà títí àwọn tó kù fi ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.

Aṣọ ìdìpọ̀ tó kẹ́yìn, èyí tó dé lọ́jọ́ kan ṣáájú, ṣì wà nílẹ̀ láìgé, ẹ̀wù méjìlá ló kù nínú rẹ̀. Níwájú gbogbo wọn, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ yọ téèpù lọ́rùn, ó fi kọ́ Àǹtí Kọ́là lọ́rùn. Ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá, èyí tí ẹlòmíràn kò fọwọ́ kàn rí ní iyàrá náà, ó nà án sí i. Ó sọ fún wọn pé ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, pé Àǹtí Kọ́là ti ń bo àṣìṣe òun fún ọdún méjì, àti pé obìnrin náà ló máa gé ìyókù. Bọ̀dá Bọ́tìnì la ẹnu, kò rí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Obìnrin náà kò kọ́kọ́ gbà á. Ó bi ọ̀gá pé ta ni yóò wá rán kọ́là.

“Èmi ni,” ó ní, ó sì lọ jókòó sídìí maṣíìnì rẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti jókòó sídìí maṣíìnì kẹ́yìn. Kò rí ojú abẹ́rẹ́, ẹnì kan bá a ti òwú bọ̀ ọ́. Kọ́là àkọ́kọ́ tó rán dà bí etí ajá. Àǹtí Kọ́là kúrò nídìí tábìlì, ó wá gbé e wò, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Gbogbo ènìyàn tẹ orí ba iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n maṣíìnì kan kò ró.

“Ẹ tú u, Ọ̀gá,” ó ní. “Apá òsì wú. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó rán an.”

Ó tú u. Ẹlẹ́ẹ̀kejì dára díẹ̀. Ó ní kó tú ìdajì rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó wò ó, ó gbé e fún Bàbá Áyọ́ọ̀nù láìsọ nǹkan kan, ọ̀gá télọ̀ ọlọ́dún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sì ń yọ̀ bí ọmọ tí wọ́n fún ní ipò kìíní. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀run kò já, ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í là káàkiri. Ẹnì kan ní apá ẹ̀wù náà kúrú jù fún ẹni tó máa gbé aláìsàn. Ẹnì kan ní irọ́ ni. Wọ́n ń jiyàn kọjá lórí ọ̀gá wọn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, òun sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa iṣẹ́ tí òun rò pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Kí òòrùn tó wọ̀, ẹ̀wù mẹ́rìndínlógójì wà lórí irin, ọrùn wọn tọ́. Ó kéré tán, ọrùn méjìlá tọ́ ní tòótọ́. Àwọn yòókù, ọgbọ́n Àǹtí Kọ́là ló mú wọn dúró. Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n dágbére, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó ń ká aṣọ tí ó ti ká. Ó fẹ́ bi Àǹtí Kọ́là bóyá yóò ṣì lọ, ẹ̀rù sì ń bà á.

Àǹtí Kọ́là gbé sísọ́ọ̀sì sí ibi tó yẹ kó wà, ó yọ téèpù, ó rọra ká a. Ó wo tábìlì gígùn náà láti òpin kan dé èkejì.

“Lọ́jọ́ Mọ́ńdè,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká jọ sún tábìlì yìí mọ́ fèrèsé. Inú òkùnkùn lẹ ti ń gé aṣọ.”

Ọ̀gá ní kò burú. Kò bi í pé Mọ́ńdè wo.